Mo ti ilẹ̀kùn iwájú, wget gba ẹ̀yìnkùlé jáde

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọwọ́ ara mi gé ssh mi, ìsopọ̀ tí mo fi ń darí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, kí n tó gbọ́n. Debian GNU/Hurd, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Linux, ni mo ń lò lórí QEMU, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà nínú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fi àṣẹ settrans pààrọ̀ pfinet, ètò tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó wà lórí fáìlì /servers/socket/2, ssh á já, ohun tí mo ń dáńlóòdù á dúró, dátà tó ti jẹ ò sì ní í padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, ó ku díẹ̀ kó parí.

Mo bá ní pfinet méjì ni màá ní. GNU Mach tó jẹ́ ọkàn Hurd ò mọ TCP, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń fi dátà ránṣẹ́ síra wọn, rárá. Pfinet ló ń ṣe é, ètò lásán bíi tàwọn yòókù, tí wọ́n fà yọ látinú Linux 2.2. Ta ló ní kéèyàn má tan méjì? Mo fi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì kún QEMU, mo gbé pfinet kejì sórí /root/keji/2. Ìyẹn ò le. Àwọn méjèèjì ń jẹ́ 10.0.2.15, ọ̀kan ò sì mọ̀ pé èkejì wà! Mo pe àbúrò mi wá wò ó. Ó ní kí ló wá yàtọ̀.

Wàhálà wá dé. Àṣẹ remap ló ń darí ètò kan ṣoṣo, bíi wget tó ń dáńlóòdù fáìlì, sọ́dọ̀ pfinet kejì:

remap /servers/socket/2 /root/keji/2 -- wget -q …

Láti dán an wò, mo mọ̀ọ́mọ̀ fún pfinet kejì ní gateway (ẹnu ọ̀nà síta) irọ́, 10.0.2.99. Ó yẹ kí wget kùnà. Ó dúró díẹ̀, fáìlì sì wọlé wẹ́rẹ́! Mo pa pfinet, mo tún un tan. Mo tún Hurd tan. Mo bú remap. Wákàtí mẹ́ta gbáko.

Àṣé èmi ni mo fi -q pa wget lẹ́nu mọ́. Nígbà tí mo yọ ọ́, mo rí i pé IPv4, irú àdírẹ́sì àtijọ́ bíi 10.0.2.15, kùnà lóòótọ́, ni wget bá bọ́ sórí àdírẹ́sì mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2a04:4e42. IPv6, irú tuntun! Socket 2 ò kan IPv6, 26 ni tirẹ̀, mi ò sì fọwọ́ kan 26. DNS tó ń sọ orúkọ di àdírẹ́sì, tó wà ní 10.0.2.3, ò nílò gateway, ìdí nìyẹn tí wget fi rí àdírẹ́sì náà, tó sì gba ọ̀dọ̀ pfinet àkọ́kọ́ jáde.

Mo fi -4 àti -6 ní kí pfinet kejì jókòó sórí fáìlì méjèèjì (ti IPv4 àti ti IPv6), mo fi 26 kún remap. Wget kùnà. Mo pàtẹ́wọ́.

Ẹ má fi ping, àṣẹ tó ń wò bóyá kọ̀ǹpútà mìíràn ń dáhùn, dán tiyín wò o, QEMU kì í sábà jẹ́ kó jáde. Gateway irọ́ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì gbàgbé -q. Láti ìjẹta, ssh mi ò tíì já.