Àṣìṣe tí òbí ọmọ àkàndá máa ń ṣe nígbà tí ilé-ìwé bá tì

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ilé-ìwé tì ní Benin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ dá ẹ̀kọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí odò Ouémé bá kún, àwọn ọmọ Aguégués àti Bonou mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí kíláàsì wọn. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, wọ́n ti gbogbo ilé-ìwé ní ìparí oṣù kẹta. Ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ni àwọn ọmọ CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì tó padà, àwọn kéékèèké sì tún dúró sílé pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ tó ń gbọ́ràn, tó ń ríran, tó lè jókòó ti ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àdánù tirẹ̀ mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọ adití, ọmọ tí kò ríran, tàbí èyí tí òye rẹ̀ kì í tètè mú nǹkan, ohun tó fi ọdún kan gbáko kọ́ lè yọ́ lọ láàárín oṣù méjì. Mo máa ń bá irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ pàdé ní Kétu níbí. Ó dùn mí pé apá kan nínú àdánù náà jẹ́ ohun tí òbí ì bá dá dúró.

“Gbogbo ọmọ ni wọ́n tì í fún, kí ni mo tún fẹ́ sọ?”

Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn, òun náà ló sì léwu jù. Géètì ni wọ́n tì, wọn kò ti ẹ̀tọ́ ọmọ mọ́ inú rẹ̀. Òfin-ìpìlẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ ọ́ pé dandan ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọba ni yóò sì rí sí i. Ní 2012, orílẹ̀-èdè wa tẹ́wọ́ gba àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá. Ẹsẹ̀ 24 rẹ̀ dá lórí ẹ̀kọ́, ó sì ní kí àkàndá rí i gbà bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń rí i gbà. Lẹ́yìn náà ni òfin 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 wá dé, èyí tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ní Benin gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà òfin yẹn sínú fóònù yín.

Nítorí náà, ẹ má kàn béèrè ìgbà tí wọ́n máa ṣí. Ẹ béèrè pé: “Ọ̀nà wo ni ẹ fi ń kọ́ àwọn tó kù báyìí, ibo ni ọmọ tèmi wà níbẹ̀?” Bí iṣẹ́ bá ń lọ lórí WhatsApp, ta ni yóò kà á fún ọmọ tí kò ríran? Bí ó bá jẹ́ orí rédíò ni, kí ni adití fẹ́ fi ṣe?

Irinṣẹ́ ọmọ tó há sí kíláàsì

Ọmọ tí kò ríran ní pátákó tóóró kan tó ní ihò wẹ́wẹ́, àti irin ṣóńṣó tí wọ́n ń pè ní poinçon, tó fi ń kọ braille, ìwé àwọn afọ́jú. Apá ọ̀tún ló ti ń gún ìwé lọ sí òsì, yóò sì yí ìwé náà padà kó tó lè fi ìka kà á láti òsì sí ọ̀tún. Iṣẹ́ ìka ni, ìka tí kò bá sì ṣe é máa ń gbàgbé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá kéde pé ilé-ìwé ti tì, àpò ọmọ nìkan ni òbí máa ń gbé lọ sílé, pátákó náà á sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù títí wọn yóò fi wọlé padà.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó béèrè. Pátákó, poinçon, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, káàdì alááwòrán, gbogbo ohun tí ọmọ yín ń lò ní kíláàsì ni kí ẹ fọwọ́ sí ìwé láti yá lọ sílé. Bí ìwé tó nípọn bá wọ́n, kàlẹ́ńdà àtijọ́ ṣe é lò. Àwọn tí ọmọ wọn ń gbé nínú ilé-ẹ̀kọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló yẹ kó yára jù, torí ní 2020, Àjàṣẹ́ wà nínú àwọn ìlú tí ìjọba fi ààlà yí ká láti 30 oṣù kẹta títí di 11 oṣù karùn-ún. Ẹni tó wà ní Kétu kò kàn lè wọ mọ́tò kó lọ gbé ẹrù ọmọ rẹ̀.

Ilé tí kò mọ èdè ọwọ́

Mo jókòó ti ìyá kan tó ń pa ẹ̀pà nígbà kan tí ilé-ìwé wà ní títì. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò gbọ́ràn wá síwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣe àmì kan. Ìyá náà mi orí. Ọmọ tún un ṣe. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó na ẹ̀pà sí i. Ọmọ náà gba ẹ̀pà, ó sì lọ jókòó. Nígbà tó yá, mo fi àmì náà han olùkọ́ rẹ̀. “Ìgbà wo?” ni ọmọ ń bi ìyá rẹ̀.

Wá, jẹun, sùn, má ṣe bẹ́ẹ̀: àmì mẹ́rin wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ilé mọ̀. Bí ilé-ìwé bá tì, ọmọ kò ní ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ má sì sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ nìkan ni. Ní ilé-ẹ̀kọ́ adití Louho, ní Àjàṣẹ́, ọmọ adití àti ọmọ tó ń gbọ́ràn jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ni, àwọn tó ń gbọ́ràn náà sì ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Àmì tí wọ́n ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ adití káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní agbègbè wa wá láti Amẹ́ríkà. Andrew Foster ló mú un wá, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Gánà ní 1957. Ẹ ní kí olùkọ́ fi fóònù ya fídíò ọ̀rọ̀ ogún péré fún yín kí ilé-ìwé tó tì. Ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu lásán

“Mo ti bá dírẹ́kítọ̀ sọ ọ́.” Ìgbà wo? Kí ló fèsì? Dírẹ́kítọ̀ yẹn ti gba ìwé ìṣípòpadà lọ sí ìlú mìíràn, ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí kò sì mọ̀ yín rí. Ẹ kọ lẹ́tà, ojú ìwé kan péré. Orúkọ ọmọ àti kíláàsì rẹ̀, ohun tó ń ṣe é, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n tì (ó ń ka lẹ́tà méjìlá, ó ń ṣírò dé ogún), ohun tí ẹ ń béèrè, òfin 2017-06. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ àti déètì lu èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Décharge nìyẹn, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgbà á. Bí ẹ kò bá lè kọ Faransé, ẹ wá ẹni tó lè bá yín kọ ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìwé tí àwọn ará wa ń fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Lọ́hùn-ún, òfin kan tó ti wà láti 1975, tí wọ́n ń pè ní IDEA báyìí, sọ pé ọmọ àkàndá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lákọsílẹ̀, IEP, tí wọn yóò máa yẹ̀ wò lọ́dọọdún ó kéré tán. Ní oṣù kẹta 2020, ìjọba wọn sọ pé ilé-ìwé tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ yòókù láti ọ̀nà jíjìn kò gbọdọ̀ yọ àkàndá sílẹ̀. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n òfin wọn kò dé Kétu. Bàbá kan béèrè IEP lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé níbí, wọ́n ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹ mú àṣà àkọsílẹ̀ wọn, kí ẹ sì fi òfin tiwa béèrè.

Ẹ má dá lọ bí ẹ bá lè rí òbí méjì mìíràn, kí ẹ sì mú ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé APE, ẹgbẹ́ òbí àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹ má gbé fọ́tò ọmọ yín sórí Facebook láti fi bínú sí olùkọ́: fọ́tò náà kò ní kúrò níbẹ̀, ọwọ́ olùkọ́ náà sì ni ọmọ yóò padà sí. Ọmọ tí wọn kò gba acte de naissance (ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí) fún, ẹ tètè wá a.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí

Níbí ni púpọ̀ ti ń sùn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ní kí olùkọ́ yẹ ohun tí ọmọ mọ̀ wò, kó fi wé ohun tó wà nínú lẹ́tà yín. Ohun tó bá ti sọnù, ẹ béèrè àkókò tí wọn yóò fi dá a padà fún un. Bí wọ́n bá sọ pé “ẹ fi í sílé títí di ọdún tó ń bọ̀,” ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ni kò ní fẹ́ kọ ọ́.

Bí wọ́n bá kọ ọmọ síta, ọ̀gá région pédagogique, ẹni tó ń bójú tó àwọn ilé-ìwé agbègbè yín, ló kàn, kí ẹ tó dé DDEMP ti Plateau, ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé-ìwé ọmọdé àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka-ìpínlẹ̀ wa. Ẹ lè bá àwọn òṣìṣẹ́ GUPS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìrànlọ́wọ́ fún aráàlú, sọ̀rọ̀ lákòókò kan náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, Benin jẹ́ orílẹ̀-èdè tí aráàlú èyíkéyìí ti lè kọ̀wé sí Cour constitutionnelle, ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí òfin-ìpìlẹ̀, ní Kùtọnu pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú. Níbi gbogbo tí ẹ bá dé, ẹ̀dà lẹ́tà tó ní décharge ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀.