Wákàtí ni mo fi ń ka owó

Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi tí èérí ọwọ́ ti sọ etí rẹ̀ di dúdú. Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti fi iṣẹ́ olóṣù sílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí: ohun tí mo rà, iye tí mo rà á, àti iye wákàtí tí mo fi ṣiṣẹ́ kí owó náà tó wọlé. Àwọn tó bá rí i máa ń bi mí pé kí ni wákàtí ń wá nínú ìwé owó. Èsì mi ò ju ẹyọ kan lọ: nọ́ńbà ara owó a máa tanni jẹ, wákàtí kì í tanni. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú ni lánàá, ọgọ́ta ìṣẹ́jú náà ni lónìí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí wákàtí tiyín. Kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ o. Ká ní owó oṣù yín jẹ́ 2,000, owó orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́, tí ẹ sì ń lo wákàtí 160 níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá kàn pín in á ní wákàtí kan jẹ́ 12.50. Ẹ má tíì gbà. Ẹ yọ owó ọkọ̀ kúrò, ẹ yọ owó aṣọ tó jẹ́ pé torí iṣẹ́ nìkan lẹ ṣe rà á, ẹ yọ owó oúnjẹ tí ẹ rà torí pé kò sáyè láti dáná. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ 200, ó ku 1,800. Ẹ wá fi wákàtí tí ẹ fi ń lọ tí ẹ fi ń bọ̀ kún 160, ká pè é ní 40. Pín 1,800 sí ọ̀nà 200, 9 ni. Iye wákàtí yín gan-an nìyẹn. Fóònù tí wọ́n pè ní 900 ti di ọgọ́rùn-ún wákàtí, ìdajì oṣù gbáko. Mi ò ní kí ẹ má rà á. Èmi náà ra ọ̀kan, àmọ́ mo mọ iye wákàtí tí mo fi rà á.

Bí ọ̀gá bá fi kún owó oṣù yín, ẹ má tíì jó. Ọdún tí mo lò kẹ́yìn nídìí iṣẹ́ olóṣù, wọ́n fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún tèmi. Lọ́dún náà, ọjà fi 18% wọ́n sí i. Ẹ fi 118 pín 110, ẹ ó rí 0.93. Ohun tí 100 ń rà fún mi tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n 93 rẹ̀ ni mo lè rà mọ́. Wọ́n gé owó oṣù mi, mo sì dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

Àjọ tó ń ṣètò ìṣirò lórílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ń kéde bí ọ̀wọ́n gógó ṣe tó, ṣùgbọ́n agbọ̀n ọjà tí wọ́n fi ń ṣírò kì í ṣe agbọ̀n tiyín. Ẹ mú ohun mẹ́wàá tí ẹ kì í yéé rà, kí ẹ máa kọ iye wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ó ní ọ̀wọ́n gógó tara yín, ìwé náà lẹ ó sì gbé síwájú ọ̀gá nígbà tí ọ̀rọ̀ àfikún bá dé.

Gbèsè ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti já sí kòtò. Nígbà tí mo fẹ́ dá dúró, mo lọ yá 1,200 lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ayánilówó kan láti fi ra irinṣẹ́. Obìnrin tó dá mi lóhùn níbẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Èlé 2% péré lóṣù ni, sà." Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: 2 lọ́nà 12, 24. Mo fọwọ́ sí i. Ohun tí n ò bi í ni pé, 2% kí ni?

Orí 1,200 ni wọ́n ń gbé èlé kà láti oṣù kìíní títí dé ìkejìlá, bẹ́ẹ̀ mò ń dá 100 padà nínú ojú owó lóṣooṣù. Èlé oṣù kan jẹ́ 24, ti ọdún jẹ́ 288. Bó bá fi máa di oṣù kejìlá, 100 péré ni yóò kù lọ́wọ́ mi nínú owó wọn, wọn ó sì tún gba 24 lórí rẹ̀. 24 lórí 100!

Ẹ̀yin náà lè yẹ ìwé tiyín wò báyìí. Ẹ kọ iye tó wà lọ́wọ́ yín lóṣù kọ̀ọ̀kan: 1,200, 1,100, 1,000, títí dé 100. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7,800. Ẹ pín in sí 12, ó jẹ́ 650. Ká dá a sí méjì ká dá a sí mẹ́ta, bí ẹni pé 650 ni mo yá fún odindi ọdún náà ni. 288 lórí 650 lé díẹ̀ ní 44%. Wọn ò purọ́ fún mi, wọn ò kàn sọ ọ́ tán ni.

Ó tún kù. Lóṣù kẹsàn-án mo rí owó, mo sáré lọ san èyí tó kù kí ọrùn mi lè fúyẹ́. Wọ́n gba 300, wọ́n tún gba 72, èlé oṣù mẹ́ta tí kò tíì dé. Ó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí, lójú ewé kẹrin, lẹ́tà wíńníwínní. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi ayánilówó báyìí kí n tó jókòó: Ṣé orí ohun tó kù ni èlé á máa wà àbí orí gbogbo rẹ̀? Bí mo bá tètè san án ńkọ́? Kí lẹ ó yọ kí owó tó dé ọwọ́ mi? Ṣé èlé yìí lè yí padà?

Ìkẹrin yẹn wúwo. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ọ̀wọ́n gógó ń ṣe sí gbèsè tí iye rẹ̀ kì í yí. Ní Jámánì, nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 1923, dọ́là Amẹ́ríkà kan ti di trílíọ̀nù 4.2 máàkì. Ẹni tó ti ń fi owó ọjọ́ ogbó pamọ́ sí báńkì, gbogbo rẹ̀ di ìwé lásán. Ẹni tó ti jẹ gbèsè ilé tẹ́lẹ̀ san án bí ẹni ṣeré. Àmọ́ èyí kò ní kí ẹ wá jẹ gbèsè o, bí owó tó ń wọlé fún yín ò bá bá ọjà gòkè, ẹrù gbèsè kò ní fúyẹ́. Tí èlé bá sì jẹ́ èyí tó ń yí, báńkì àpapọ̀, èyí tó ń gbé èlé sókè láti fi dẹ ọ̀wọ́n gógó, á gbé e lé yín lórí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀wọ́n gógó dé 9.1% ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Báńkì àpapọ̀ wọn gbé èlé kúrò nítòsí òdo lọ sí òkè 5% láàárín ọdún kan àti díẹ̀. Wọ́n ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ rí: ní ọdún 1981 ó súnmọ́ 20%. Ọjà rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 1982 ń parí lọ, àwọn tí kò ríṣẹ́ ti tó 10.8%. Ìdí nìyí tí mo fi ń fetí sí ìròyìn báńkì àpapọ̀ bí ẹni ń wo ojú ọ̀run. Bí wọ́n bá gbé èlé sókè, gbèsè tí èlé rẹ̀ ń yí ni mo kọ́kọ́ ń san, mo sì ń fi kún owó pàjáwìrì, torí àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ wá fún mi náà á so owó wọn mọ́wọ́.

Ìfowópamọ́ ò ṣòro. Bí báńkì bá ń fún yín ní 8% tí ọjà sì ń fi 15% wọ́n, 6 ń sọnù nínú gbogbo 100, kódà bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí ọjà máa di ìlọ́po méjì, ẹ fi ìdá ọ̀wọ́n gógó pín 72: bó bá jẹ́ 12%, ọdún mẹ́fà. Mo ṣì ń tọ́jú ìnáwó oṣù mẹ́ta síbi tí ọwọ́ mi ti lè tètè tó o. Ohun tó ń sọnù lára rẹ̀, owó aṣọ́nà ni mo kà á sí. Àmọ́ ẹni tó ń san èlé 44% tó tún ń kó owó tó ju ìnáwó oṣù mẹ́ta yẹn lọ sí báńkì fún 8%, ó ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kù jẹ́ ti àwa tí a ń dá ṣiṣẹ́. Òkè òkun ni ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ti ń wá, bí owó ilẹ̀ òkèèrè bá sì ti gbéra, iye rẹ̀ á gbéra tẹ̀lé e. Mo ti pe iye kan fún oníbàárà rí, ó padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ pààrọ̀ fún un ti wọ́n ju gbogbo owó tí mo pè lọ. Mo fi wákàtí mẹ́rin ṣe é, mo tún fi owó ara mi kún un. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé tí mo ń fún wọn pé ọjọ́ méje péré ni iye yìí wà fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé lọ́jọ́ kẹjọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kan péré kẹ̀?" Mo fún un ní àga, mo pe ẹni tó ń ta ọjà fún mi, a sì tún un ṣírò.