Ẹ gbé rìmóòtù sílẹ̀: àṣìṣe àwa òbí nídìí fíìmù apanilẹ́rìn-ín

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni, ní Ìbàdàn níbí. Iná wà, gúgúrú àti ẹ̀pà wà nínú abọ́. Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ mi. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nà gbalaja sórí àga. Bend It Like Beckham là ń wò, fíìmù tí Gurinder Chadha gbé jáde ní 2002. Jess ni ọmọbìnrin inú rẹ̀, ọmọ Íńdíà tí wọ́n ń tọ́ ní Hounslow, nítòsí pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní London. Bọ́ọ̀lù ló wù ú gbá. Ìyá rẹ̀ ní ọbẹ̀ ni kó wá kọ́ sísè. Ìyá yìí figbe ta, àwọn ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ni mo bá tẹ rìmóòtù, mo dá fíìmù dúró. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ nìyẹn o. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ìyá yẹn ń sọ?" Ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí màá fi tẹ rìmóòtù padà, ọmọkùnrin ti mú fóònù rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé ẹ̀yìn kúrò lára ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀rín kì í ṣe ọbẹ̀ téèyàn lè gbé padà sórí iná.

Mo ṣe irú rẹ̀ tó ìgbà mẹ́rin kó tó yé mi, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. A máa ń wá fíìmù tó máa fún ọmọ ní ìgboyà: ọmọbìnrin tó kọ̀ láti jókòó síbi tí wọ́n fi í sí, ọmọ ilé-ìwé tí gbogbo kíláàsì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó wá rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Tí a bá wá rí i tán, a ó fi ẹnu ara wa bà á jẹ́.

Ìwàásù àárín fíìmù ló wọ́pọ̀ jù, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwa tí wọ́n pa àlọ́ fún là ń ṣe é. Ta ló pàlọ́ fún yín rí tó dá orin dúró nígbà tí Ìjàpá ń jalè, tó ní kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ pé olè jíjà ò dáa? Ẹ ó máa gbe orin lọ ni, Ìjàpá á kó sí pàkúté ara rẹ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín títí. Ìparí ni wọ́n tó ń bèèrè ohun tí ìtàn kọ́ wa. Ìbéèrè yẹn gan-an, mi ò fọwọ́ sí i fún ọmọ tó ti ń bàlágà. Ọmọ ọdún 7 á fi ayọ̀ dáhùn. Ọmọ ọdún 15 á wò yín bíi pé ìdánwò WAEC lẹ gbé síwájú rẹ̀ láago mẹ́wàá alẹ́, á ní, "Pé kéèyàn máa tẹra mọ́ nǹkan," á sì wọ yàrá lọ. Ohun tí mo wá ń bèèrè ni, "Ibo ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín jù?" Lẹ́yìn náà, màá panu mọ́. Ibi tó bá ti rẹ́rìn-ín jù, ọ̀pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni gbígbèjà òbí inú fíìmù. Nínú irú fíìmù báyìí, òbí ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Kì í ṣe ìyá Jess nìkan. Ìyá Jules ọ̀rẹ́ rẹ̀, Òyìnbó pọ́ńbélé, ń bẹ̀rù pé bọ́ọ̀lù ò ní jẹ́ kí ọmọ òun rí ọkùnrin fẹ́. Béèyàn bá jẹ́ ìyá, á máa rí ara rẹ̀ nínú wọn, ara á máa ta á. Mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo sọ pé, "Ìyá yẹn ò mà jẹ̀bi o, ṣé kó máa wò ó níran ni?" Bí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ti lọ dúró sẹ́yìn àwọn tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín nìyẹn, ọmọ á sì fi yín sílẹ̀ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ òbí yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Bàbá Jess, tí Anupam Kher ṣe, jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú kíríkẹ́ẹ̀tì ní Nairobi kó tó kó wá sí ìlú Òyìnbó. Nígbà tó dé, wọn ò gbà á sí ẹgbẹ́ kankan. Wọ́n fi láwàní orí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì fi eré náà sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù: kò fẹ́ kí ohun tó dun òun dun ọmọ. Nígbẹ̀yìn, òun kan náà ló ní kí Jess máa lọ gbá ìdíje àṣekágbá, lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ayẹyẹ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ibi tí bàbá yìí ti ń sọ tẹnu rẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nílé wa. Ọmọ mi yíjú sí mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe?"

Mo ní, "Wo fíìmù jàre."

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Irú ìbéèrè yẹn kì í wá lójoojúmọ́.

Fífi ọmọ wé ọmọ inú fíìmù ńkọ́? Jess gba sikọ́láṣíìpù lọ sí yunifásítì ní California, mo sì gbọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan ń bi ọmọ tirẹ̀ pé, "Ìyẹn ńkọ́, ṣé orí méjì ló ní ni?" Fíìmù tí wọ́n ṣe kí ọmọ lè gbà pé òun náà tó bẹ́ẹ̀, a ti sọ ọ́ di pàṣán.

Ẹ má sì gbé fíìmù tí ẹ ò tíì wò síwájú ọmọ torí wọ́n ní àwàdà ni. Àmì ọjọ́ orí wà lára wọn: PG-13 ti Amẹ́ríkà ti wà láti 1984, 12A ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 2002, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, NFVCB, náà ń fi tiwọn sí i. Ṣùgbọ́n àmì ò mọ ilé yín. Nínú fíìmù PG-13, wọ́n lè fẹnu kora wọn lẹ́nu, èébú sì lè jáde. Bí ẹ ò bá ti wò ó ṣáájú, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀: bàbá á wúkọ́, ìyá á ní, "Lọ bá mi bu omi wá," òùngbẹ ò sì gbẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ á dìde, á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, á máa wò ó láti ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọjá. Bí kò bá ṣeé jẹ́ kó kọjá, ẹ má gbé e wọlé rárá.

Ẹ̀rín kan wà tí mi ò lè dákẹ́ sí. Ọmọkùnrin mi fẹ́ràn Jenifa, tí Funke Akindele kọ́kọ́ fi hàn wá nínú fíìmù ní 2008, tó wá di eré orí tẹlifíṣọ̀n, Jenifa's Diary. Suliat lorúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ abúlé tó ń fọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni fọ́ igbá. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi gan-an di ikùn mú. Ọjọ́ kejì, a jọ lọ ra búrẹ́dì, ló bá ń sín Gẹ̀ẹ́sì ìyá tó ń tà á jẹ. Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń ka ṣéńjì, kò gbójú sókè. Mi ò bá a wí lójú títì. Ìgbà tí a délé ni mo bi í pé ta ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín nínú eré yẹn, ṣé Suliat ni àbí àwọn tó kó Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí? Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Suliat ò kúkú bẹ̀rù láti sọ ọ́." Ó padà lọ kí ìyá oníbúrẹ́dì. Mi ò bèèrè ohun tó sọ fún un.

Kí n má gbàgbé: ẹ má lé ọmọkùnrin kúrò nídìí fíìmù tí ọmọbìnrin jẹ́ ọ̀gá nínú rẹ̀. Nígbà tí Jess ń gbá bọ́ọ̀lù, tèmi ló ń pariwo "góòlù" jù. Ẹ̀yin náà, ẹ pa WhatsApp tì.

Ìbéèrè tí mo sá fún, ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi àti ọmọbìnrin mi ń bó ẹ̀wà tí a fẹ́ fi dín àkàrà. Kò wo ojú mi, ó ní, "Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o."

Mo sọ fún un. Mo máa ń sá igba mítà nílé-ìwé. Wọ́n yá mi ní bàtà eré ìje, èyí tó ní ìṣó lábẹ́, kí n fi lọ díje. Bàbá mi ní ọmọ òun ò ní wọ ṣòkòtò pénpé sáré níwájú èèyàn. Mo fi ìwé ìròyìn wé bàtà náà, mo dá a padà.

"Ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Ó bó ẹ̀wà díẹ̀ sí i. Ó wá ní, "Nọ́ńbà mélòó ni bàtà yẹn?"

Mo ní méjìdínlógójì. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú sílípáàsì.