Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun àjèjì ilẹ̀ Faransé

Láti ìgbà tí mo ti wọ aṣọ ológun ní ilẹ̀ Faransé ni àwọn ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ti ń fi ìbéèrè kan náà ránṣẹ́ sí mi: ta ni ó mú mi wọlé, èló ni mo sì san fún un? Ìdáhùn mi kò yí padà. Kò sí ẹni tí ó mú mi wọlé, n kò sì san fráǹkì kan fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹgbẹ́ tí mo wọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Légion étrangère, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ wọ ọ́, kò ní aṣojú tí ń bá a gba ènìyàn ní ilẹ̀ Benin, kò sì sí bí a ṣe lè bá ẹnikẹ́ni forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ láti òkèèrè. Ilẹ̀ Faransé ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ọ́ ni yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Mo ti rí àwọn òbí tí wọ́n ta ilẹ̀ kí wọ́n lè kó owó fún oníjìbìtì lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dùn mí wọra. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ bí tèmi ṣe lọ, láti ilé títí di ọjọ́ tí mo dé kẹ́pì funfun, fìlà tí a fi ń mọ ọmọ ogun Légion.

Ọba Louis-Philippe ni ó dá Légion sílẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1831, kí àwọn àjèjì lè máa jagun fún Faransé. Sidi Bel Abbès ní ilẹ̀ Àlùjíríà ni ilé rẹ̀ wà títí di ọdún 1962, kí wọ́n tó kó o wá sí Aubagne, ìlú kan tí kò jìnnà sí Marseille. Àwọn ẹ̀ka yòókù nínú iṣẹ́ ológun Faransé, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Légion ni ó ṣílẹ̀kùn fún ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù. Ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà, láti ẹni ọdún 17 àti ààbọ̀ sí ẹni ọdún 39 àti ààbọ̀, ọdún 5 gbáko sì ni àdéhùn àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ti gbéyàwó lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bí àpọ́n ni wọn yóò ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì kì í sọ ènìyàn di ọ̀gá níbẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ pátápátá ni gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà Aubagne kọ́ ni mo kọ́kọ́ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Marseille nígbà náà, mo gba ọ̀dọ̀ Campus France, ilé iṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ó fẹ́ lọ kàwé ní Faransé, ní Kútọnu, ìwé ìgbélùú mi sì pé. Nígbà ìsinmi tí ó tẹ̀lé ìdánwò àṣekágbá mi ni mo padà sí Kétu láti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi fún àwọn ẹbí mi. Àbúrò bàbá mi, tí mo ń pè ní Bàbá Kékeré, tí ó sì gba ipò bàbá lórí mi láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, gbọ́ mi dé òpin kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, mélòó nínú ìtàn ilé yìí ni o mọ̀?” Lẹ́yìn náà ni ó tún sọ ohun tí gbogbo ọmọ Kétu ti gbọ́ láti kékeré, bí ogun Dáhòmì ṣe kó ìlú ní ọdún 1886, tí wọ́n dáná sun ún, tí wọ́n sì kó àwọn tí ikú kò pa lẹ́rú lọ sí Abọ́mẹ. Àwọn kan lára wọn jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà wá.

Bàbá Kékeré mọ ohun mìíràn tí n kò rò pé ó mọ̀. Ó mọ̀ pé ní ọdún 1892, nígbà tí ọ̀gágun Dodds kó ogun Faransé lọ bá Béhanzin, ọba Dáhòmì, àwọn ọmọ ogun Légion wà lára àwọn tí ó kó lọ. Òótọ́ ni: ní Dogba ní ilẹ̀ Dáhòmì, ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ni ọ̀gá wọn tí ń jẹ́ Faurax ti gba ọgbẹ́ tí ó pa á. Bàbá Kékeré wá wò mí lójú, ó ní, “Ogun yẹn ló fọ́ Abọ́mẹ tó fọ́ wa. Òun náà ló gba ilẹ̀ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́ títí di ọdún 1960. Bí wọ́n bá ní kí o gbé ìbọn dúró ní ìlú ẹlòmíràn, ìlú aláwọ̀ dúdú bíi tìrẹ, kí ni o máa ṣe?”

N kò pa irọ́ fún un. Mo sọ fún un pé ọmọ ogun kì í yan ibi tí wọ́n ń rán an lọ, pé Légion ti jà ní Kolwezi ní ilẹ̀ Kóńgò ní ọdún 1978, pé wọ́n lọ sí Málì ní ọdún 2013, àti pé bí mo bá ti fọwọ́ síwèé, mo ti gbà láti lọ síbi tí wọ́n bá ní kí n lọ nìyẹn. Ó dákẹ́ pẹ́ kí ó tó ní kí n lọ ronú sí i. Títí di òní mo gbà pé ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀, kí ó tó kan owó oṣù àti ìwé ìgbélùú, nítorí pé lẹ́yìn ìfọwọ́síwèé kò sí ẹni tí yóò tún bi í. Ìyá mi ní tirẹ̀ kò bèèrè ọ̀rọ̀ ogun rárá. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn yóò máa gbóhùn mi. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ní oṣù àkọ́kọ́, wọn yóò gba fóònù lọ́wọ́ mi, kí wọ́n má ṣe rò pé mo ti kú bí wọn kò bá gbúròó mi. Ẹni tí kò bá sọ èyí fún ìyá rẹ̀ kí ó tó lọ, ó ṣe ìyá náà níkà.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni ó gba àkókò jù lọ. Légion kò bèèrè ìwé púpọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìwé ìrìnnà tí àkókò rẹ̀ kò tíì kọjá ni ó ṣe kókó, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá wà nínú ìwé náà ni wọn yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn wò lẹ́yìnwá ọ̀la. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé wa, wọn kò forúkọ mi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí mi; ilé ẹjọ́ ni ó fún mi ní ìwé tí a fi rọ́pò ìwé ọjọ́ ìbí, èyí tí a ń pè ní jugement supplétif, nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé yẹn, akọ̀wé fi “ch” kọ orúkọ bàbá mi. Nínú ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ mi, “tch” ni wọ́n kọ. Lẹ́tà kan péré ni, ó sì tó láti jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ wá rò pé ènìyàn méjì ni. Mo lo ìsinmi yẹn láti máa lọ, láti máa bọ̀ láàárín mẹ́rì Kétu, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú wa, àti ANIP, ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣàkóso ìwé ìdánimọ̀ ní ilẹ̀ wa, títí tí ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìdánimọ̀ àti ìwé ìrìnnà mi fi ń jẹ́ orúkọ kan náà, lẹ́tà sí lẹ́tà. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ronú irú ìrìn àjò yìí, kí ó ṣe é nígbà tí ó ṣì wà nílé, nítorí pé láti òkèèrè, ìyà ńlá ni.

Ti ara kò ṣòro láti ṣàlàyé. Mo ń sáré ní àárọ̀, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì fa ara mi sókè lórí irin, mo sì lọ tọ́jú eyín kan tí ó ń dùn mí, nítorí pé àwọn dókítà wọn kì í fojú fo eyín.

Ibi méjì ni ènìyàn lè lọ fara hàn: Fort de Nogent ní ìtòsí Paris, tàbí Aubagne fúnra rẹ̀. Aubagne ni ó súnmọ́ mi. Ọmọ ogun tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà bi mí ní ohun tí mo wá ṣe, mo ní mo wá láti wọṣẹ́, ó gba ìwé ìrìnnà mi, ó ní kí n dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn mìíràn ti wà níbẹ̀: ọmọ Nepal kan, ọmọ Brazil méjì, àti ọmọ Ukraine kan tí kò gbọ́ Faransé rárá. Wọ́n yẹ ẹrù wa wò, wọ́n kó fóònù àti owó wa sínú àpò tí wọ́n kọ orúkọ sí, wọ́n sì fún wa ní aṣọ eré ìdárayá. Láti ìgbà náà, oúnjẹ àti ibùsùn di ọ̀ràn tiwọn. Tiwa ni láti dúró, láti gbálẹ̀, láti fọ àwo ní ilé ìdáná, kí a sì máa retí kí wọ́n pe orúkọ wa. Ìdúró yẹn gan-an jẹ́ ìdánwò, nítorí pé ẹni tí kò bá lè fara da àìmọ ohun tí ó kàn yóò fúnra rẹ̀ ní òun ń lọ, wọn yóò sì dá ẹrù rẹ̀ padà fún un láìbá a jà.

Àyẹ̀wò ara wà, ìdánwò làákàyè lórí kọ̀ǹpútà wà, sísáré lọ-bọ̀ láàárín ìlà méjì bí ohùn tí ń darí wa ti ń yára sí i sì wà pẹ̀lú. Mo ti múra sílẹ̀ fún gbogbo ìwọ̀nyẹn. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ó le jù. Yàrá kékeré ni, tábìlì kan, àga méjì, kápórà àgbà kan tí ó ní ìwé mi níwájú rẹ̀ tí kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Ó bi mí nípa ilé mi, iye ọmọ tí ìyá mi bí, ohun tí ó pa bàbá mi, bóyá mo jẹ gbèsè, bóyá ọlọ́pàá ti mú mi rí ní Benin tàbí ní Faransé, ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí fi fẹ́ máa gbé ìbọn. Mo dá a lóhùn pé láti kékeré ni mo ti fẹ́ iṣẹ́ ológun, pé ìwé tí mo kà, ìlérí tí mo ṣe fún bàbá mi ni, mo sì ti mú un ṣẹ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹlòmíràn tún bi mí ní àwọn ìbéèrè kan náà, ó kàn yí ètò wọn padà ni, ó sì ń wo ìwé tí ẹni ìṣáájú kọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú gbọ̀ngàn ìdúró, tí ara rẹ̀ le ju tèmi lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a padà. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Nígbà tí wọ́n pe orúkọ àwọn tí ó yege, wọ́n fá irun wa, a sì fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 5. Wọ́n fi orúkọ mìíràn kọ mí sílẹ̀, bí àṣà Légion ti rí láti ìgbà pípẹ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní identité déclarée. Ẹni tí ó wà lábẹ́ orúkọ bẹ́ẹ̀ kò lè gbéyàwó títí wọn yóò fi dá orúkọ rẹ̀ padà fún un.

Castelnaudary ni wọ́n kó wa lọ láti kọ́ iṣẹ́, lọ́dọ̀ ẹ̀ka kẹrin Légion, fún nǹkan bí oṣù 4. Oko kan tí ó jìnnà sí ìlú ni a ti lo oṣù àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń so ẹni tí ó gbọ́ Faransé pọ̀ mọ́ àwọn tí kò gbọ́ ọ, ọmọ Nepal yẹn sì di ti èmi. Mo ń nawọ́ sí ohun tí ó wà níwájú wa, mo ń dárúkọ rẹ̀, òun ń tún un wí: bàtà, síbí, ìbọn, omi. Bí kò bá mọ ọ̀rọ̀ kan nígbà tí kápórà bá bi í, àwa méjèèjì ni a jọ ń dọ̀bálẹ̀ fi ọwọ́ ti ara sókè. A kọ́ bí a ṣe ń rìn ní ìgbésẹ̀ 88 láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé yòókù ń rìn ní 120, a sì kọ́ orin tí ó bá ìrìn yẹn mu. Lẹ́yìn oṣù yẹn ni ìrìn kẹ́pì funfun, ó lé ní kìlómítà 50 fún ọjọ́ méjì pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ní òpin rẹ̀ a tò sórí ìlà, a ka òfin ọlá Légion lórí, gbogbo ẹsẹ̀ 7 rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n pàṣẹ kí a dé kẹ́pì wa.

Láti Castelnaudary, wọ́n dá wa padà sí Aubagne kí wọ́n lè pín wa sí ẹ̀ka. Mo bèèrè fún Laudun, níbi tí àwọn tí ń ṣe afárá tí wọ́n sì ń tú bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ wà, wọ́n sì gbà fún mi. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan ni mo kọ̀wé láti gba orúkọ mi padà. Ìwé ọjọ́ ìbí tí a ti tún ṣe ní Kétu ni mo fi ránṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè ohunkóhun lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti lo ọdún 3 lè bèèrè láti di ọmọ ilẹ̀ Faransé, bí ìwà rẹ̀ bá dára. Òfin ọdún 1999 sì fi kún un pé àjèjì tí ó bá fara gbọgbẹ́ lójú ogun lè di ọmọ ilẹ̀ náà bí ó bá béèrè. Ti ọdún 3 yẹn kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí ń wá fúnra rẹ̀, wọ́n lè sọ pé rárá. Èmi náà ti kọ ìwé tèmi, ó sì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò.