Bí ẹ̀pà bá gba ọ̀nà èémí ọmọ lọ

Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni mí nílùú Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀pà yíyan tí ẹ ń rà ní Kútọ̀, tí ẹ ń bù sọ́wọ́ ọmọ ọdún 2 tí kò lè rún un kúnná, òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Bí ó bá há a, tí ọmọ ṣì ń wúkọ́, ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́. Bí kò bá lè ké, tí kò lè mí, ẹ da ojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí itan yín, kí orí rẹlẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò jáde? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, ẹ yí i kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo, kí ẹ fà á sínú àti sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ tún un ṣe. Bí ó bá dákú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ máa tẹ àyà rẹ̀, ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, kí ẹlòmíràn sáré wá ọkọ̀.

Ẹ má ki ìka wá ohun tí ẹ kò rí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní omi, ẹ̀bà tàbí epo pupa: ọ̀nà ọ̀tọ̀ nìyẹn ń gbà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ikọ́ tó dáwọ́ dúró. Ọmọ á tún máa ṣeré, ẹ̀pà á sì ti jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá lápá ọ̀tún, tí ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ tó sì dúró ṣánṣán ju ti òsì lọ. Ibẹ̀ ló ti máa mu omi, tó máa wú. Bó bá yá, ikọ́ àti ibà dé, wọ́n á ní òtútù àyà ni. Fọ́tò àyà kì í sábà fi ẹ̀pà hàn. Nítorí náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdí-Àbà, kí ẹ sì sọ ọ́ kedere: "Ẹ̀pà ló ń jẹ nígbà tí ikọ́ yìí bẹ̀rẹ̀." Ẹ sọ aago tó jẹun kẹ́yìn pẹ̀lú.

Wọn kì í sábà la àyà. Wọ́n á fi oògùn mú un sùn, wọ́n á ki ọ̀pá onírin oníhò tó ní iná gba ẹnu rẹ̀ wọ ọ̀nà èémí, atẹ́gùn á máa gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n á sì fi ẹ̀mú tín-ín-rín yọ ọ́. Gustav Killian ló kọ́kọ́ gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ yọ egungun ẹlẹ́dẹ̀ lára àgbẹ̀ kan ní Jámánì, ní 1897. Ẹ̀pà tó ti rọ̀ máa ń fọ́ mọ́ ẹ̀mú, ìdí tí wọ́n fi lè wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tàbí bọ́tìnnì ni, ẹ mú irú rẹ̀ mìíràn dání. Dókítà á fi wo ẹ̀mú tó lè dì í mú kó tó bẹ̀rẹ̀.