Bí a ṣe ń fi káàdì àsansílẹ̀ sanwó ìgbọ́kọ̀sí nínú ọgbà ilé-ìwé

Gbígba káàdì kò le. Ẹ mú ìwé ọkọ̀ yín lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún ni, ẹ sanwó, ẹ gba rìsíìtì. Kí ẹ tó kúrò níwájú wọn, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn káàdì níbi tí nọ́ńbà rẹ̀ wà.

Alẹ́ ni kí ẹ máa kó owó sí i, nílé yín. Láàárọ̀ Mọ́ńdé, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti Bódìjà ní Ìbàdàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè yọ owó ní àkáǹtì yín kó má tíì dé orí káàdì. Owó ọ̀sẹ̀ kan ló tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó kó ti sáà kan sí i, tí káàdì wá sọnù, á sáré gan-an kó tó rí owó náà gbà padà.

Ẹnu géètì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́. Wáyà tín-ín-rín kan wà nínú káàdì yìí tó yí etí rẹ̀ po. Káàdì ò ní bátìrì. Wáyà yẹn ló ń gba agbára lára ẹ̀rọ tó ń ka káàdì lẹ́nu géètì. Nítorí náà, ẹ gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ dáadáa, kí ẹ sì dúró títí yóò fi dún. Ẹ má fì í fìrì bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, torí tí káàdì ATM bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ lè má mọ èyí tí yóò kà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lu ihò sí i lára nítorí okùn kọ́kọ́rọ́. Mo rí ẹnì kan tó fi ìṣó gbígbóná dá a lu. Wáyà gé, káàdì kú. Àpò rọ́bà tí wọ́n ń ki káàdì ìdánimọ̀ bọ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, kò wọ́n rárá. Inú rẹ̀ ni kó máa gbé, nínú àpò ilẹ̀kùn ọkọ̀. Tó bá wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, oòrùn á tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó burú jù ni kí sikiọ́rítì gbé ọ̀pá tó dí ẹnu géètì sókè fún ọkọ̀ iwájú, kí ẹ̀yin náà tẹ̀ lé e wọlé láì fi káàdì kan ẹ̀rọ. Lójú ẹ̀rọ, ẹ ò wọlé. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tí kò wọlé jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá jáde láì kàn án: ẹ̀rọ á gbà pé ọkọ̀ yín ṣì wà nínú, kò sì ní gbà yín wọlé lọ́jọ́ kejì. Ẹ máa kàn án ní ìwọlé, ẹ máa kàn án ní ìjáde, ì báà jẹ́ pé ọ̀pá ti wà lókè. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ yá ọ̀rẹ́ ní káàdì yín nígbà tí ọkọ̀ yín bá ṣì wà nínú ọgbà.

Tí ẹ̀rọ bá kọ káàdì yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn sínú àwọn ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn yín. Ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀, ẹ kí sikiọ́rítì pé "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," kí ẹ fi rìsíìtì hàn wọ́n. Àwọn ni wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀pá sókè lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ọ́fíìsì lọ lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ yín ṣe, kó má di wàhálà lọ́la.