Omi dóńgóyárò fún kòkòrò ara ilá
Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń gbin ilá àti tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìn ilé ní Kubwa àti Nyanya l'Ábújá, ẹ má wulẹ̀ náwó sórí oògùn kòkòrò, dóńgóyárò tó kún àdúgbò ti tó. Ẹ gún ewé rẹ̀ ní tútù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wá po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Kóró èso rẹ̀ tilẹ̀ lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fọ́n ọn, torí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Abẹ́ ewé ni kẹ́ ẹ dojú kọ, ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò wínníwínní yẹn ń sá pamọ́ sí. Kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀ o: ṣe ni wọn ò ní lè jẹun, wọn ò sì ní dàgbà. Bí òjò bá rọ̀, ẹ tún un fọ́n.